Ọ̀pẹ Tí A Gbé Kọjá Afárá Denton

Òórùn tó kọ́kọ́ ń dé imú mi bí mo bá ronú kan ìgbà èwe mi ni ti ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́, pẹ̀lú orí ẹja bóńgà tí ìyá mi rì mọ́ ìdí ọ̀pẹ lánàá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òórùn dídùn. Àwọn ẹlòmíràn máa ń rántí òórùn àkàrà tàbí ti lọ́fínńdà ìyá wọn. Tèmi, orí ẹja ni, ó sì máa ń mú inú mi dùn débi pé ojú máa ń tì mí láti sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ níbí nítorí pé mo gbà pé ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Banjul ilẹ̀ Gambia, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ ọ́ ní Bathurst sínú ìwé, kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀.

Máàmá Bọ́lá ló ni àgbàlá tí a ń gbé nígbà náà. Opó Aku ni, ọ̀kan lára ìran àwọn ẹrú Yorùbá tí òyìnbó dá sílẹ̀ láyé àtijọ́, ilé pákó tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà ni ilé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń gbé iwájú, àwa sì wà ní yàrá ẹ̀yìn: bàbá mi, ìyá mi, àti èmi Ràṣídátù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó máa ń kí wa ní "Kúṣẹ́ o" láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, bí àwọn Aku ṣe ń kí èèyàn nígbàkígbà, ìbáà ṣe ẹni tó sùn sórí ẹní ló rí. Ìyá mi á dáhùn pé, "Máàmá, oorun ni mo ń sùn o, n kò ṣiṣẹ́ kankan," Máàmá á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí.

Bàbá mi wá láti Èjìgbò, wọ́n ń ta abọ́ tánganran àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí mi, wọ́n rìn lọ sí apá Bundung, tó jẹ́ igbó nígbà náà, wọ́n hú ọmọ ọ̀pẹ kan tó hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sì gbìn ín sí àárín àgbàlá Máàmá Bọ́lá, lórí ibi tí wọ́n ri ìwọ́ mi sí. Bí wọ́n ti ń ṣe nílé nìyẹn. Ọ̀pẹ tó bá hù lórí ìwọ́ ọmọ ti di ti ọmọ náà. Òun ni yóò jẹ ẹyìn rẹ̀, òun ni yóò ta epo rẹ̀, bí wọ́n bá sì bi í pé níbo ni ó ti wá, yóò rí nǹkan nawọ́ sí. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tí kò bá ní ilé nítòsí gbọ́dọ̀ ní igi.

Gbogbo ilé ló ń tọ́jú ọ̀pẹ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá nílé wa, ìdí ọ̀pẹ ni yóò gbé àpótí sí, kí omi tó bá ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kán má baà ṣòfò. Àlejò kò yọ sílẹ̀. Mo rí àwọn àgbààgbà ọkùnrin tí wọ́n wá gba ọjà àwìn lọ́wọ́ bàbá mi tí wọ́n ká ṣòkòtò sókè, tí wọ́n ń yí ìjókòó wọn ká ìdí igi nítorí pé bàbá mi ní, "Ẹ yí sí ọ̀hún díẹ̀, ìhà ibẹ̀ ti gbẹ." Ìyá mi ń da eérú ààrò sí i, wọ́n sì ń ri orí ẹja sí i. Bàbá mi nìkan ló ń gé imọ̀ rẹ̀, èyí tó ti gbẹ ní ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń gé. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ọ̀gọ̀mọ̀, ewé àárín tó ṣì ká jọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. "Ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹni tó bá kan ibẹ̀, ó kan Ràṣí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Mo jẹ́ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ilẹ̀ Banjul kò jìn kí èèyàn tó kan omi iyọ̀, nítorí náà ọ̀pẹ mi kò tètè dàgbà. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méje, kò ga ju bàbá mi lọ, kò sì tíì so. Mo máa ń dúró tì í láti fi wé ara mi, mo sì ń bi ìyá mi pé ṣé ẹ̀yìn ni mo máa wà ní ayé mi bí tirẹ̀ ṣe wà. Wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbogbo màrìwò tó ń yọ ló ń sọ pé òun á kan ọ̀run. Àwọn aṣáájú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọn ò rí i ṣe. Lọ fọ abọ́." N kò mọ̀ nígbà náà pé ìtùnú ni wọ́n fi ń ṣe mí. Mo rò pé wọ́n ń bá mi wí.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ Máàmá Bọ́lá kọ̀wé láti ìlú òyìnbó pé òun ń bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó, Máàmá sì nílò yàrá rẹ̀. Kò sí ìjà kankan. Bàbá mi ti ra ilẹ̀ kékeré kan sí Bundung, wọ́n sì ti kọ́ yàrá sórí rẹ̀. Ohun tó kù ni ọ̀pẹ.

Máàmá Bọ́lá sọ̀rọ̀ ní Aku, bí ó ti máa ń ṣe, pé, "Yésúfù, fi igi yẹn sílẹ̀. Igi tó ti gbó kò fẹ́ràn ìrìn. Èmi á máa bu omi sí i."

Bàbá mi dáhùn pé, "Máàmá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ló ń kó kúrò nílé tó ń fi ọmọ sílẹ̀ fún onílé?"

Báyìí ni àwọn ará Èjìgbò tó wà lọ́jà ṣe péjọ sí àgbàlá wa ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ gan-an. Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò lóko, kò sì sí ẹni tó ti rí i rí kí wọ́n gbé ọ̀pẹ láti ibì kan dé ibòmíràn. Síbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí bàbá òun ṣe máa ń ṣe é. Bàbá Múrí, ọkùnrin tó sanra tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi, ló lóhùn jù. Ó ní kí wọ́n gé gbogbo imọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀.

Ẹnì kan bi í pé, "Bàbá Múrí, ṣé o ti gbin igi rí láyé rẹ?"

"Mo ti gbin iṣu."

"Ṣé iṣu ní imọ̀?"

"Ẹ̀yin ẹ máa walẹ̀ ní tiyín, ẹ fi ẹnu mi sílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń walẹ̀ ni yanrìn ń jábọ́ kúrò lára gbòǹgbò, títí gbòǹgbò náà fi wà ní ìhòòhò bí irun àgbàlagbà. Ìyá mi gbé báàfù ìfọṣọ wọn wá, wọ́n ní kí wọ́n bu ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sí i, nítorí pé ìwọ́ ọmọ wà nínú ilẹ̀, kò sí lára igi. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa ibi tí ilẹ̀ tó jẹ́ tèmi parí sí. Ìyá mi ní, "Ẹ bù ú kún. A ò mọ èyí tó jẹ́ tọmọ."

Orí báàfù yẹn ni mo jókòó sí nínú lọ́rì. Ọ̀pẹ sùn gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi aṣọ ìyá mi tó ti gbó wé ọ̀gọ̀mọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí orí ń fọ́. Mo rántí pé inú mi dùn, mo sì ń bẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì mọ èyí tó yẹ kí n jẹ́ kó hàn lójú mi, torí náà mo di ojú. Lórí Afárá Denton, ọlọ́pàá kan dá wa dúró. Ó yọjú wo inú lọ́rì, ó sì bi bàbá mi ní Wolof pé níbo ni wọ́n ń gbé igi lọ.

"Bundung."

"Bundung tí ọ̀pẹ pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò mọ ọmọ mi."

Ọlọ́pàá wò mí, ó wo ọ̀pẹ, ó wo aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà," ó sì jẹ́ kí a kọjá. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí a fi dé Serekunda.

Ní Bundung, wọ́n tún jiyàn. Bàbá Múrí ní atẹ́gùn ibẹ̀ pọ̀, kí wọ́n rì í jìn kó má baà wó. Wọ́n rì í títí dé ọrùn. Bàbá mi da ilẹ̀ inú báàfù sí i fúnra wọn, wọ́n ṣe àlùwàlá níbẹ̀, wọ́n sì kírun ìrọ̀lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ì bá fi ọkàn balẹ̀ bí kì í bá ṣe Ìyá Múrí, ìyàwó Bàbá Múrí, tó wá kí wa ní ilé tuntun. Ó ń bá ìyá mi pa ẹ̀pà, ó wo igi náà, ó sì ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó kú o. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ tí igi ìwọ́ rẹ̀ bá kú." Ìyá mi ní kó pa ẹ̀pà rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹ̀mí mi so mọ́ igi yẹn. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, nítorí mo rò pé àgbàlagbà kì í rántí rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀rù ikú, n kò mọ ohun tí ikú jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí olùkọ́ bá ti pe orúkọ rẹ tí kò sì tíì sọ ìdí. N kò sáré mọ́. Mo ń jẹun gan-an, nítorí mo rò pé bí mo bá sanra, òun náà á sanra. Ìyá mi rò pé omi Bundung ló bá mi lára mu.

Àwọn imọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sílẹ̀, wọ́n ń pọ́n bí ewé tábà. Mo gbàdúrà. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ilé kéú dé, mo rí i tí imọ̀ tútù dúró ṣánṣán lórí ọ̀pẹ mi. Bàbá mi wà níbẹ̀ tí wọ́n ń nu ọwọ́. "O rí i?" ni wọ́n wí. "Ó ti mọ ilé." Ara mi fúyẹ́ débi pé mo sáré yí ilé ká. Bí imọ̀ yẹn bá tún ti fẹ́ rọ, èmi á gbàdúrà, èmi á lọ kéú, bí mo bá dé, tútù ni. Mo rò pé mo ti di wòlíì kékeré.

Ewúrẹ́ aládùúgbò ló tú àṣírí. Ó wọlé ní ọ̀sán kan tí mo dá wà lágbàlá, ó fi ẹnu mú imọ̀ kan, ó fà á, imọ̀ náà sì jáde látòkè délẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀ tí àdá ti gé, tí okùn aláwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀. Mo mọ okùn náà. Òun ni bàbá mi fi ń di abọ́ tánganran pọ̀ fún àwọn oníbàárà. Mo fa òmíràn, òun náà jáde. Mo wo àárín, níbi tí ọ̀gọ̀mọ̀ yẹ kó wà. Ó ti rà, ó dúdú, ihò kan sì wà níbẹ̀ tí èèrà ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde.

Mo gbé ọwọ́ lé àyà mi. Ó ń lù. Mo dúró dìgbà tí mo rò pé ó yẹ kó dákẹ́, kò dákẹ́. Ebi sì ń pa mí. Mo rántí pé ó yà mí lẹ́nu gan-an pé ebi ń pa mí. Igi mi ti kú, ó ti pẹ́ tó ti kú, mo sì ti jẹun, mo ti sùn, mo ti gba ìyìn ní ilé kéú láti ìgbà yẹn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn lẹ́yìn náà ni bàbá mi, tí wọ́n ń rìn lọ sí àbàtà ẹ̀yìn àdúgbò wa, níbi tí ọ̀pẹ pọ̀ sí, lójoojúmọ́ kí wọ́n tó lọ sọ́jà, tí wọ́n ń gé imọ̀ tútù, tí wọ́n ń so ó mọ́ igi gbígbẹ kí n tó dé. Mo lé ewúrẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn imọ̀ náà padà.

Ìyá mi bá mi níbẹ̀. Wọ́n wo okùn lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ìwọ náà ti wọ ẹgbẹ́."

"Ìyá mi, ó ti kú."

"Ó ti kú kí a tó jẹ ọbẹ̀ tí mo gbé wá láti Banjul tán. Tèmi ńkọ́? Àwọn tó ń la ọ̀nà ní Èjìgbò gé e nígbà tí mo tó ọ, wọ́n fi ṣe afárá. Èmi rèé, mo bí ọ."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún bàbá mi pé àwọn ti mọ̀. Wọ́n gba imọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n so ó dáadáa, nítorí èmi kò mọ̀ ọ́n so. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ jìnnà sílé. Ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fún un. Ọ̀pẹ yìí ló fi ń rí oorun sùn. Jẹ́ kó sùn."

Nítorí náà mo dákẹ́. Ìfẹ́ tí agbára mi ká láti fi hàn nìyẹn, mo sì ṣe é tọkàntọkàn. Mo máa ń dúró níwájú igi náà kí bàbá mi lè gbọ́, màá ní, "Ọ̀pẹ mi mà ń dàgbà o," ojú wọn á sì mọ́lẹ̀ bíi fìtílà. Gbogbo àlejò ń ṣe àlùwàlá sí ìdí igi tó ti kú. Àwọn ikán tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń jàǹfààní.

Nígbà Ìléyá, bàbá mi pa àgbò, àwọn ará ọjà sì wá bá wa jẹun. Imọ̀ ọjọ́ náà tutù ju ti ìgbàkígbà lọ, wọ́n so ó yípo bí fìlà ọba. Bàbá Múrí jẹun yó, ó dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ, ó ní, "Yésúfù, ẹ ò rí i pé mo mọ ohun tí mo ń sọ? Ẹ wo igi. Bí a bá rì í jìn, kò sí atẹ́gùn tó lè mú un." Ó sì fara tì í.

Kò dún púpọ̀. Ó kàn ṣẹ́ bí àkàrà gbígbẹ, Bàbá Múrí tẹ̀lé e lọ sílẹ̀, imọ̀ fọ́n káàkiri, ikán sì tú jáde. Kò sí ẹni tó wo Bàbá Múrí. Èmi ni gbogbo wọn yíjú sí. Ìyá Múrí ti gbé ọwọ́ lé orí. Bàbá mi ti sáré dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó gbé ẹran ẹnu mi mì, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n sì fọwọ́ kan iwájú orí mi.

"Ràṣí. Ràṣí, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Mo ń jẹ ẹran."

"Ọ̀pẹ rẹ..."

"Mo ti mọ̀. Ewúrẹ́ fa ọ̀kan jáde lọ́jọ́ kan."

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. "O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa lọ sí àbàtà lójoojúmọ́?"

"Mo rò pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jókòó sórí yanrìn nínú aṣọ Ìléyá wọn. Wọ́n kọ́kọ́ bo ojú, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni, àfi ìgbà tí ìyá mi ní, "Bí ọmọdé bá gégi nígbó, wọ́n ní àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Tiwa yìí, àgbà ló fẹ̀yìn tì í, ọmọdé ló mọ̀." Nígbà náà ni ẹ̀rín bàbá mi jáde, Bàbá Múrí náà sì rẹ́rìn-ín láti ibi tó sùn sí, ó ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́ wá gbé òun dìde.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, bàbá mi tún lọ sí abẹ́ àwọn ọ̀pẹ àbàtà, wọ́n hú àwọn ọmọ kéékèèké tí ewé wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ní ìgbà òjò, kò sì jìn, ọrùn wọn wà lókè ilẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀gún yí wọn ká nítorí ewúrẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ló ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá jẹ epo wọn." Àwọn ọ̀pẹ yẹn ti ga ju òrùlé lọ báyìí. Ìyá mi ń fún epo lára wọn, gbogbo àdúgbò sì ń gbá ilẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ wọn.

Mo gboyè jáde ní yunifásítì kan ní Nàìjíríà lọ́dún tó kọjá. Mo ti padà sí Banjul, mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé fún ìgbà díẹ̀, mo sì ń dúró de iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi. Mo máa ń jí pẹ̀lú àyà jíjá. Mo ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ náà kò ní dé, mo tún ń bẹ̀rù pé bó bá dé n kò ní mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa èrò inú èèyàn, kò sì dá mi lójú pé ó ràn mí lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ kí àwọn òbí mi ní Bundung. Bàbá mi ń ro ìdí ọ̀pẹ. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé dáadáa ni?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ nípa iṣẹ́, nípa oorun tí n kò rí sùn, nípa ohun tí mo rò pé àwọn èèyàn ń rò nípa mi, mo sì tún ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé. Wọ́n ń ro ilẹ̀ lọ. Mo rí i pé ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, òógùn sì ti mu ẹ̀wù wọn, n kò sì dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Bá mi bu omi wá."

Mo lọ bu omi. Bí mo ṣe ń fà á láti inú kànga ni mo ń ro ọmọ ọdún méje yẹn. Kò mọ̀wé tó mi, kò sì mọ orúkọ ohunkóhun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n òun ì bá ti rí òógùn yẹn, òun ì bá sì ti gbé omi náà dé kí bàbá tó béèrè.